Ìyá Jímọ̀ Kò Fẹ́ Jẹ́ Olùsọ̀rọ̀ Keje

Títí Ìyá Jímọ̀ fi kú, n kò gbọ́ kí wọ́n yin ènìyàn kan lójú ara rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ òrí ṣíṣe lọ́dọ̀ wọn lè pò ó láti àárọ̀ títí apá rẹ̀ yóò fi fẹ́ yọ. Ìyá á tẹ̀ ba, wọn á fi ìka kan ìfófòó ojú igbá, wọn á gbé ìka náà sún mọ́ ojú, wọn á ní, "Padà wò ó." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè túmọ̀ sí pé òrí ti bàjẹ́. Ó lè túmọ̀ sí pé ó ku díẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ni yóò fi ojú ara rẹ̀ wá èyí tó jẹ́.

Èmi Mùfú, ọmọ Jímọ̀ ọmọ wọn, mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí ní Ìwéré-Ilé. N kò po òrí rí, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò fo ọ̀dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan mo tún maṣíìnì oníbàárà kan ṣe lójúde wa, Ìyá sì jókòó lórí àpótí, wọ́n ń fọ́ kóró ẹmi tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Mo dì í tán, mo nu ọwọ́, mo ń súfèé. Wọ́n ní, "Padà wò ó." Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá tí kò mọ bí púlọ́ọ̀gì ṣe rí. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ti maṣíìnì rẹ̀ dé láti ọ̀nà Ìlérò, òógùn bò ó, kò kí mi. Nọ́ọ̀tì kan ni n kò dì le. Nígbà tó lọ tán, mo bi Ìyá bí wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní, "Ojú rẹ ti kúrò níbẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó kúrò."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó ń kọ èyí, kí ẹ má baà retí ohun tí kò sí. Fọ́ọ̀mù Kẹta ni mo kàwé dé. Wọ́n ní kí n wá ka ìwé kan síta níwájú gbogbo ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, mo bá gba àárín oko kajú sá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjió. Ìjió sún mọ́ bọ́dà. Ká ní ẹ̀rù náà le sí i díẹ̀ ni, Kútọnu ni wọn ì bá ti wá mi lọ. Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi já pàṣán, Ìyá ló gbà mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi ti yí ẹ̀yìn padà, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ìwé náà kò lé ọ. Ìwọ lo ń sá."

Ọmọ tí kò sá ni Ràfíátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Olùkọ́ ni ní Ṣakí. Ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ó gba dìgírì, ó gba èkejì lé e, ó tún wá forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ètò ẹ̀kọ́. Ohun tí ilé wa gbọ́ ni pé Ráfí fẹ́ di dókítà. Ìyàwó aládùúgbò wa gbé ẹsẹ̀ tó wú wá fún un kó bá òun wò ó. Ìyá pè é jókòó, wọ́n bi í pé irú dókítà wo.

"Kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, Ìyá. Mo fẹ́ wádìí bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ níbi tí kò sí pátákó, tí kò sí ṣọ́ọ̀kì."

"O ò wá ní gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́?"

"Rárá, mà."

"Kí lo máa fi dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n tó gbọ́ràn?"

Mo ti ẹnu bọ̀ ọ́. Mo ní, "Ìwé ni, Ìyá."

Wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. "Ìwọ nìkan nìyẹn."

Ìlérò ni wọ́n ti bí Ìyá, ọkọ ló gbé wọn dé Ìwéré-Ilé. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́ ní òrí ṣíṣe, n kò mọ iye wọn, nítorí wọn kì í jẹ́ kí a kà wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, kó mọ̀ pé wọ́n á yan kóró ẹmi, wọ́n á gún un, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí yóò fi dà bí ẹrẹ̀ dúdú, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ pò ó pẹ̀lú omi títí ọ̀rá funfun yóò fi yọ sójú. Ibi pípò yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Omi tó bá tètè wọ̀ ọ́ yóò bà á jẹ́, èyí tó bá pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ yóò bà á jẹ́.

Ráfí kó ìbéèrè wá nínú fáìlì. Ó tan fóònù rẹ̀ kó lè gba ohùn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ sọ fún ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?"

Ìyá ti igbá kan sí iwájú rẹ̀. "Pò ó."

"Ìbéèrè ni mo bi yín, Ìyá."

"Mo ti dá ọ lóhùn."

Sátidé lẹ́yìn Sátidé ni ọmọ yìí ń wá láti Ṣakí, tí ó ń po òrí, tí fóònù ń gba ohùn. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi ní ibi iṣẹ́ mi, ó jókòó sórí táyà, ó fẹ́ sunkún. "Bọ̀dá, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ nìkan ló ń dún. Kí ni mo máa kọ?" Mo ní kó kọ pé ọwọ́ ń dún. Mo fi ṣe àwàdà ni, torí n kò mọ ohun tí à ń sọ. Ó dìde, ó lọ bá Ìyá, ó tan fóònù náà fún wọn.

Ìyá dijú. Ariwo ọwọ́ nínú òrí ń lọ, fáà, fáà, fáà. Ó pẹ́. Lójijì wọ́n gbé ìka sókè. "Ibí yìí. Ibí yìí lo da omi sí i, kò tíì tó." Ráfí dá a padà, ó tún un tàn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n tún gbé ìka sókè. Ó wá yé Ráfí pé gbogbo Sátidé tí wọ́n fi dákẹ́, etí ni wọ́n fi ń kọ́ òun. Òrí tó fẹ́ dé máa ń yí ohùn padà lábẹ́ ọwọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìwé rẹ̀ ti ní eegun ẹ̀yìn, orí ìwé tó sì kọ nípa Ìyá ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ìyá kò rí ohun tó ń yà á lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹnu kàn ń pariwo ni."

Wàhálà tí mo fẹ́ sọ dé pẹ̀lú ìwé ojú kan ṣoṣo. Yunifásítì kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni wọlé láìjẹ́ pé ẹni náà tẹ̀ ka pé òun fọwọ́ sí i. Ráfí ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ṣakí, ó bá ní kí n ka fọ́ọ̀mù náà fún Ìyá kí wọ́n tẹ̀ ka. Ó ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀. Mo jókòó, mo wú ikọ́ bí lèmọ́mù, mo kà á pé, "Kò sí ewú kankan fún yín nínú ìwádìí yìí."

Ìyá tú gèlè wọn. Orí wọn funfun bí òwú. "Kí ló wà níbí?"

"Ewú ni, Ìyá."

"Wọ́n ní kò sí?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn."

"Padà wò ó."

Mo padà wò ó. Òógùn ti ń bọ̀. Mo ní, "Bóyá ẹ̀wù ni, Ìyá. Kò sí ẹ̀wù kankan fún yín."

"Ta ló bèèrè aṣọ lọ́wọ́ wọn?"

Mo pe Ráfí lórí fóònù. Ẹ̀rín pa á títí ó fi ń wúkọ́. "Bọ̀dá, ewu ni. Ewu bíi ti ejò." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá, inú mi sì dùn pé ó ti tán. Wọ́n ń wé gèlè wọn padà díẹ̀díẹ̀. "Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ fún ọ pé kò sí ejò nínú yàrá, ó ti rí ejò."

Inú ìlà tó tẹ̀lé e ni ejò náà wà. Èyí ni mo kà já gaara, mo tilẹ̀ ń retí kí wọ́n yìn mí: A kì yóò dárúkọ yín níbikíbi. Olùsọ̀rọ̀ Keje ni a ó máa pè yín.

Kóró ẹmi tó wà lọ́wọ́ Ìyá, wọn kò fọ́ ọ mọ́. "Kí ni mo jí?"

"Ẹ ò jí nǹkan kan, Ìyá. Òfin wọn ni."

"Ta ni Kìíní?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ni Kẹfà tí mo tẹ̀lé?"

"Ìyá, mi ò mọ ẹnì kan nínú wọn."

"Màlúù ni wọ́n ń fi àmì sí lára, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á." Wọ́n yíjú sí mi dáadáa. "Ìgbà tí mo wọ ilé yìí, ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo bí bàbá rẹ, mo di Ìyá Jímọ̀. Bàbá rẹ kú, mo ṣì ń jẹ́ Ìyá Jímọ̀. Mùfú, kí ni orúkọ mi?"

Mo mọ Àdùkẹ́, torí pé bàbá bàbá mi máa ń fi pè wọ́n tí inú wọn bá dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ nǹkan kan. Mo ti jẹun lọ́wọ́ ènìyàn láti kékeré, mo ti bí ọmọ mẹ́ta lójú rẹ̀, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá wá ní, "Àwáwù Àdùkẹ́ ọmọ Sàlámì, ilé Olókè ní Ìlérò. Sọ fún wọn pé n kì í ṣe Keje."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Yunifásítì ti fún Ráfí ní àfikún àkókò lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó kù yìí sì ni ìgbẹ̀yìn. Bí ìwé rẹ̀ kò bá wọlé kí oṣù yẹn tó parí, ọdún mẹ́fà ti ṣòfò nìyẹn. Obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, tí òun ń pè ní súpáfáísọ̀, ti kìlọ̀ fún un pé láìsí ìtẹ̀ka, kó yọ orí ìwé tó dá lé Ìyá dànù. Bó bá sì yọ ọ́, kí ló kù?

Ráfí wá fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. "Ìyá, wọ́n ṣe òfin náà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe yín níbi nítorí ohun tí ẹ sọ."

"Ta ló fẹ́ ṣe mí níbi nítorí òrí?"

"Ẹ ṣe é nítorí tèmi, Ìyá."

"Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ, o máa sọ pé nọ́ńbà ni?"

Ráfí dìde. Ó bọ́ sórí ọ̀kadà láì dágbére fún ẹnì kan. Ìyá ń wo eruku rẹ̀ títí ó fi lọ sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ọmọ yín nìyẹn o." Wọ́n ní, "Mo mọ orúkọ rẹ̀."

Ẹ̀rù ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. N kò fẹ́ kí ọmọ náà pàdánù, n kò sì ní ìgboyà láti tún kojú Ìyá. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò mi. Mo wà níbi iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì kan wà ní títú sílẹ̀ níwájú mi, àtàǹpàkò mi dúdú fún epo. Mo rò ó pé ta ló mọ ìka arúgbó yàtọ̀ sí ti mẹkáníìkì. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi ṣọwọ́ sí Ráfí nípasẹ̀ awakọ̀ tó ń lọ sí Ṣakí, mo sì tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé Ìyá ti gbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Ìyá bi mí pé, "Ìwé yẹn dà?" Mo gbìyànjú láti purọ́. Bí ẹnu mi ti ń lọ, wọ́n ń wo àtàǹpàkò mi. Mo jẹ́wọ́. Èébú ni mo ń retí, kò wá. Ohùn wọn kò tilẹ̀ ga. "Wọ́n ní àwọn yóò fi orúkọ mi pamọ́, mo kọ̀. Ìwọ wá fi ìka rẹ pa á rẹ́. Lọ gbà á padà."

Mo gbé maṣíìnì, mo forí lé Ṣakí. N kò mọ bí mo ṣe gba ọ̀nà yẹn. Gbogbo ihò tó wà níbẹ̀ ni mo kó sí, mo ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, èyí tí kò pọ̀. Ní páàkì Ṣakí, Ráfí ti jókòó sínú ọkọ̀ Ìbàdàn, níbi tí yunifásítì rẹ̀ wà, ó ku èrò kan kí ó kún. Mo ti orí bọ ojú fèrèsé. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Epo ẹ́ńjìnnì ló ń rùn, Bọ̀dá."

"O mọ̀?"

"Láti àná."

"O wá ń gbé e lọ?"

Èrò tó kù ti ń bọ̀ pẹ̀lú àpò gààrí rẹ̀, awakọ̀ ń ké sí mi pé kí n yàgò. Ráfí di àpò rẹ̀ mú mọ́ àyà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé bí mo bá dákẹ́, yóò lọ. Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà fẹ́ dákẹ́. Mo ní, "Ìyá ní kí n gbà á." Ó yọ ọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́, ọkọ̀ ṣí.

Ó dé yunifásítì pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ó sọ òótọ́ fún súpáfáísọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà bínú, lẹ́yìn náà ó ronú, ó wá bá a bẹ àwọn àgbà yunifásítì. Wọ́n gba ìwé náà wọlé kí àkókò tó lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò ní jókòó fún ìdánwò àfi bí ìgbìmọ̀ kan bá gbà pé kí orúkọ Ìyá jáde. Kí Ìyá kọ́kọ́ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ráfí padà wá sílé, ó kúnlẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, Ìyá kò sì bi í. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ Jímọ̀ wọn, wọ́n ní kó tan fóònù. "Èmi ni Àwáwù Àdùkẹ́ ọmọ Sàlámì, ilé Olókè ní Ìlérò. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, èmi ni kí ẹ bi." Wọ́n tẹ̀ ka sí ìwé mìíràn. Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú, ó fúyẹ́ ní ọwọ́ mi.

Ìgbìmọ̀ kò tíì jókòó tí Ìyá fi kú. Àìsàn náà kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìrun alẹ́ ni wọ́n lọ, a sì sin wọ́n kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n.

Ìwé ìgbìmọ̀ dé lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Níwọ̀n bí ẹni tó tẹ̀ ka ti kú, kí ẹbí fọwọ́ sí ọ̀kan nínú méjì. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà, Ráfí yóò ṣe ìdánwò rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ, ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ìgbà tí wọn yóò jókòó. Èmi ni àgbà ọkùnrin tó kù nílé, iwájú mi ni wọ́n gbé e sí.

Ráfí ní, "Ẹ mú nọ́ńbà, Bọ̀dá. Ó ti rẹ̀ mí. Ìyá ò ní mọ̀."

Òótọ́ ni, wọn kò ní mọ̀. Mo di bíírò mú. Mo fọwọ́ sí orúkọ. Fún oṣù méjì, ọmọ náà kò gbé ìpè mi. N kò dá a lẹ́bi. Ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, mo máa ń rò pé wọ́n ti lé e kúrò ni, pé èmi ni mo fi bíírò ṣe é.

Ìgbìmọ̀ gbà níkẹyìn, wọ́n sì pè é fún ìdánwò ní oṣù kẹfà. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun lọ, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta yàrá ìdánwò, láàárín àwọn ènìyàn tí bàtà wọn ń dán. Iná lọ. Ooru mú wọn nínú ibẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, èyí tó yé mi kò tó ìdajì. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan bi í pé níbo ló ti rí ọ̀rọ̀ ojú ìwé kan báyìí, pé ta ló sọ ọ́.

Ráfí dárúkọ Ìyá. Gbogbo rẹ̀, títí dé Ìlérò.

Ọkùnrin náà tún un pè lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣi í pè. Ráfí tọ́ ọ sọ́nà. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀, ó pè é dáadáa, mo sì gbọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà gba oyè rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, èmi náà wà níbẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkùnrin náà kọ orúkọ yẹn tán ni mo bo ojú mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Nínú ilé wa, a kò pe Ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.